Bí a ṣe ń fi graphene ṣe sẹ́ńsọ̀ tí ó ń dá prótíìnì mọ̀ nínú omi

Graphene jẹ́ ìpele kan ṣoṣo ti átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù, kò sì nípọn ju nǹkan bí 0.34 nánómítà lọ. Gbogbo átọ́ọ̀mù rẹ̀ ló wà lójúde, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá bà lé e lára yóò yí bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá padà. Ìdọ̀tí àti iyọ̀ pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà fi jẹ́ rírí i dájú pé ohun tí a ń wá nìkan ni yóò máa dá lóhùn.

Ẹ wá graphene tí a fi gáàsì methane hù sórí bàbà nínú ooru tí ó tó nǹkan bí 1000 °C, kí ẹ sì gbé e sórí sílíkọ́nì tí silicon dioxide bò. Bí ìbòrí yìí bá nípọn tó 300 nánómítà, ojú lè rí ìpele kan ṣoṣo náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ fi acetone fọ PMMA, ìyẹn ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi gbé graphene náà, kúrò dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìtànṣán Raman, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ lésà tí ó ń fi ipò átọ́ọ̀mù rẹ̀ hàn, yẹ̀ ẹ́ wò: nínú àwòrán rẹ̀, góńgó tí ó wà ní nǹkan bí 2700 cm⁻¹ gbọ́dọ̀ ga ju ti 1580 lọ, bí ti 1350 bá sì ga, graphene náà ti bàjẹ́, ẹ má ṣe lò ó.

Ẹ da PBASE lé e, ìyẹn kẹ́míkà tí yóò so graphene pọ̀ mọ́ antibody (prótíìnì tí ó ń di ohun tí a ń wá nìkan mú). Apá pyrene rẹ̀ yóò tẹ́ pẹrẹsẹ sórí graphene láì já ìsopọ̀ átọ́ọ̀mù kankan, apá kejì yóò sì di antibody mú. Ẹ da antibody sí i, kí ẹ sì fi kẹ́míkà ethanolamine dí àwọn ibi ìdìmú PBASE tí ó ṣẹ́kù.

Ibi tí mo ti rí i pé iṣẹ́ ń bàjẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ iyọ̀. Nínú omi iyọ̀ bíi PBS (omi iyọ̀ phosphate tí a ń lò nínú yàrá ìwádìí), àwọn áyọ́ọ̀nù, ìyẹn ègé iyọ̀ tí ó ní iná lára, a máa yí prótíìnì ká, wọn a sì bo iná ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibi tí agbára iná náà lè dé, tí a ń pè ní gígùn Debye, kò tó 1 nánómítà nínú PBS tí a kò bu omi là, bẹ́ẹ̀ antibody fúnra rẹ̀ ga tó nǹkan bí 10 nánómítà. Prótíìnì lè so mọ́ ọn tán kí graphene má mọ̀ rárá. Bí a bá bu omi là á ní ìlọ́po 100, gígùn náà yóò tó nǹkan bí 7 nánómítà. Ṣùgbọ́n omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré lè sọ ìdìmú antibody di aláìlágbára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí prótíìnì so mọ́ ọn nínú PBS tí ó pé, kí ẹ ṣan án, kí ẹ tó wọn iná rẹ̀ nínú èyí tí a ti bu omi là. Aptamer, ìyẹn ègé DNA tàbí RNA tí ó ń di prótíìnì mú, tí ó sì kéré ju antibody lọ, tún máa ń mú kí prótíìnì súnmọ́ graphene sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n, ẹ máa yí fọ́ltéèjì tí ẹ ń fi sínú omi náà padà láti darí iná inú graphene, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá 1 V, kí omi má baà fọ́ sí gáàsì. Ẹ wá fọ́ltéèjì tí iná inú graphene ti ń ṣàn kéré jù lọ, kí ẹ dúró títí yóò fi fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí ẹ tó fi prótíìnì sí i, kí ẹ sì wo bí ó ṣe yẹ̀ sí. Nígbà kan náà, ẹ wọn sẹ́ńsọ̀ mìíràn tí antibody rẹ̀ kò bá prótíìnì náà mu. Bí tirẹ̀ náà bá yẹ̀ bákan náà, ìdọ̀tí tàbí iyọ̀ ni ẹ ń wọ̀n.