Bí A Ṣe Ń Yan Pákó fún Ẹ̀rọ Ìfági, àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó Láìfarapa

Iṣẹ́ méjì péré ni ẹ̀rọ ìfági tí à ń pè ní jointer wà fún: ó ń mú ojú kan pákó tẹ́jú, ó sì ń mú etí rẹ̀ gún régé sí ojú náà. Kò lè mú kí pákó nípọn bákan náà láti orí dé ìdí. Ẹ̀rọ mìíràn tí à ń pè ní thicknesser ló ń ṣe ìyẹn.

Ara pákó gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Pákó tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìlàgi Agbówà dé Ìkòròdú kò tíì yẹ fún ẹ̀rọ, nítorí èyí tí a fá tó gún lónìí yóò tún lọ́ lọ́la bí omi bá ṣe ń jáde lára rẹ̀. Ẹ tò ó sábẹ́ ibòji, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ la àárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Bí pákó náà bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi da kọnkéré rí, ẹ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò fún ìṣó àti yanrìn, kí ẹ sì kọ èyí tí kókó rẹ̀ ń mì. Ìrókò máa ń ní òkúta funfun nínú nígbà mìíràn, èyí tó máa ń ba abẹ jẹ́. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ náà máa ń yún ara, nítorí náà ẹ bo imú.

Pákó tí kò gùn tó 30 sẹ̀ǹtímítà kì í ṣe ti ẹ̀rọ yìí. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọmọṣẹ́, nítorí pákó kúkúrú lè rì sáàárín tábìlì méjèèjì tó wà níwájú àti lẹ́yìn abẹ, kí ó sì fa ọwọ́ tẹ̀lé e. Ìfági ọwọ́ ni kí ẹ lò fún un.

Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, ẹ rí i pé tábìlì ẹ̀yìn, èyí tí pákó ń bọ́ sí lẹ́yìn tí abẹ bá ti fá a, bá ṣóńṣó abẹ dọ́gba, pé irin tí pákó ń fara tì dúró ṣánṣán, pé ìdérí abẹ sì ń padà sáyè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ tàbí aṣọ apá gbàǹgbà.

Ẹ dojú ìhà tó tẹ̀ kòtò dé tábìlì, kí pákó lè fi etí méjèèjì jókòó. Ẹ wo iṣan igi láti ẹ̀gbẹ́: ó yẹ kí ó máa dà wálẹ̀ sí ìhà tí ẹ ti ń tari rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, abẹ yóò máa fà á ya. Mílímítà kan ni kí ẹ máa fá lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kó mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ni pákó máa ń ta padà lù. Igi ìtari ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́, kí ọwọ́ má ṣe kọjá lókè abẹ láé.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, ẹ pa súwíìṣì kíákíá, kí ẹ dúró títí abẹ yóò fi jáwọ́ yíyí, kí ẹ tó gbé pákó kúrò. Bí ẹ bá gbàgbé, ẹ̀rọ lè gbéra fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé.