Ẹ Má Fi Ìdajì Ọjọ́ Wo Nuremberg: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni ti ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Munich, tó dé Nuremberg ní Jámánì ní aago mọ́kànlá, tó ya fọ́tò ní ọjà, tó jẹ sọ́séèjì, tó sì padà kílẹ̀ tó ṣú. Ó náwó, ó rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n kò rí ìlú náà.

Ẹ wo Hauptmarkt, ọjà àárín ìlú. Ní aago méjìlá ọ̀sán, èrò a pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì Frauenkirche láti wo ère àwọn ìjòyè méje tó ń yí Olú-ọba Charles Kẹrin po lára aago. Ó dùn ún wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má kàn ya fídíò kí ẹ máa lọ. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn, àdúgbò àwọn Júù ni tẹ́lẹ̀. Ní 1349, wọ́n pa ó kéré tán 562 nínú wọn, wọ́n wó ilé wọn, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà sórí ilẹ̀ sínágọ́gù. Olú-ọba tí àwọn ère ń júbà fún yẹn gan-an ló ti fọwọ́ sí i tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n gba ilẹ̀ náà.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ohun tó jọ ti àtijọ́ ló jẹ́ ti àtijọ́. Lálẹ́ ọjọ́ 2 oṣù kìíní 1945, bọ́ǹbù àwọn Gẹ̀ẹ́sì run èyí tó pọ̀ jù nínú ìlú àtijọ́ náà. Ńṣe ni wọ́n tún un kọ́. Kódà orísun omi gíga tó wà ní ọjà, Schöner Brunnen, àdàkọ ni. Àfọ́kù ti ìṣáájú wà ní Germanisches Nationalmuseum. Níbẹ̀ náà ni àwòrán ayé roboto tí Martin Behaim ṣe láàárín 1492 sí 1494 wà, kò sí èyí tó dàgbà jù ú lọ tó ṣì wà láyé. Ẹ wá Amẹ́ríkà lórí rẹ̀, ẹ ò ní rí i.

Ọjọ́ tí ẹ bá yàn ṣe pàtàkì. Musíọ̀mù yẹn a máa tì lọ́jọ́ Ajé, iyàrá ilé ẹjọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 600, níbi tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn àgbà Násì, a sì máa tì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Nígbà ọjà Kérésìmesì, hòtẹ́ẹ̀lì a gbówó lórí gan-an.

Ẹ má fo iyàrá 600 yẹn dá nítorí pé ó jìnnà sí ìlú àtijọ́. Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ U1 ni ẹ ó wọ̀, ẹ ó sì sọ̀ ní Bärenschanze. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà Násì 21 jókòó sí níwájú adájọ́ láti oṣù kọkànlá 1945 títí di oṣù kẹwàá 1946. Tí ẹ bá dé Zeppelinfeld, níbi tí Hitler ti ń kó èrò jọ, ẹ má ṣe na ọwọ́ sókè bíi tiwọn nítorí fọ́tò. Òfin Jámánì kà á sí ọ̀ràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò tó. Físà Schengen ni ẹ ó gbà, ó kéré tán ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìn àjò ni ẹ ó sì ti kọ̀wé béèrè. Tèmi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú.

Kò sí géètì tó ń dáni dúró ní ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, àmọ́ ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Owó ìtanràn jẹ́ yúrò 60.

Kódà nígbà ooru, ẹ mú súwẹ́tà àti bàtà tó nípọn. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sójú ọ̀nà tó gun òkè lọ sí Kaiserburg, ààfin àtijọ́ àwọn olú-ọba. Abẹ́ ìlú sì tutù nini, nínú àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta láti fi tọ́jú bíà. Ẹ ò lè dá wọ ibẹ̀, ẹni tó ń múni rìn ló ń mú èèyàn wọlé. Nínú wọn ni àwọn ará ìlú sá sí nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀.