Bí a ṣe ń yan fọ́mátì àti rẹsolúṣọ̀n tá a bá fẹ́ dáńlóòdù fídíò

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló jẹ́ pé tí wọ́n bá ti fẹ́ dáńlóòdù fídíò, nọ́ńbà tó tóbi jù níbẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀, dátà á tán, fóònù á kún, fídíò ọ̀hún sì tún lè kọ̀ kó má ṣí. Ó máa ń dùn mí torí kò le rárá téèyàn bá mọ ohun tó ń yàn.

Kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ wò ó. Ṣé orí fóònù ni, àbí kọ̀ǹpútà, àbí flash lẹ fẹ́ kó o sí kẹ́ ẹ wá fi sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n? Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ o, torí fóònù máa ń ṣí nǹkan tí tẹlifíṣọ̀n ò ní gbà.

Ó wá kan fọ́mátì. MP4, MKV, WebM, àpò lásán ni gbogbo wọn. Inú àpò yẹn ni àwòrán àti ohùn wà, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà fún wọn pọ̀ kí wọ́n má bàa gba àyè ni wọ́n ń pè ní codec, òun gan-an ló ń pinnu bóyá fídíò á ṣí. Ìdí nìyẹn tí MP4 méjì fi lè wà lórí flash kan náà, tẹlifíṣọ̀n á ṣí ọ̀kan, á kọ èkejì.

Tẹ́ ò bá fẹ́ wàhálà, MP4 tí codec àwòrán ẹ̀ jẹ́ H.264, tí codec ohùn ẹ̀ jẹ́ AAC, ni kẹ́ ẹ mú. H.264 ti wà láti 2003, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀rọ tí ò mọ̀ ọ́n. H.265 tó dé ní 2013 máa ń jẹ́ kí fáìlì kéré gan-an, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì tí àwòrán ò sì ní bàjẹ́, àmọ́ tí fóònù bá ti pẹ́, ó lè máa gbóná kí fídíò sì máa dúró lójú kan. VP9 àti AV1 lẹ máa ń bá nínú WebM, wọ́n dáa fún kọ̀ǹpútà àti fóònù tuntun, àmọ́ ẹ má gbé AV1 fún tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, 2018 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. 3GP ní tiẹ̀, fóònù ayé ọjọ́un ló wà fún, ẹ fi í sílẹ̀.

Tí àwòrán bá ń hàn tí ohùn ò jáde, kì í ṣe pé tẹlifíṣọ̀n yín ti bàjẹ́ o, codec ohùn tó wà nínú fáìlì yẹn ló lè jẹ́ DTS tí ẹ̀rọ yín ò mọ̀.

Rẹsolúṣọ̀n ló kàn, ìyẹn bí àwòrán ṣe tóbi tó. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bíi 720p, nọ́ńbà tó wà níwájú p yẹn ni iye ìlà tó wà láti òkè dé ìsàlẹ̀ àwòrán, 480p jẹ́ 854 sí 480, 720p jẹ́ 1280 sí 720, 1080p jẹ́ 1920 sí 1080. Lójú tèmi, 480p ti tó fún ẹni tó kàn ń sọ̀rọ̀ lójú kan, 720p dáa gan-an lórí fóònù, 1080p ni kẹ́ ẹ mú fún tẹlifíṣọ̀n. Àmọ́ tó bá jẹ́ fídíò tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ hàn, bíi ìgbà tí wọ́n ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ má lọ sílẹ̀ ju 720p lọ, ẹ ò ní rí ọ̀rọ̀ kà.

Ẹ tún wo bitrate, ìyẹn iye dátà tí fídíò ń lò ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, torí òun ló ń sọ bí fáìlì ṣe máa tóbi tó. Fídíò ìṣẹ́jú 10 tó ń lo megabit 2.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìṣẹ́jú 10 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 600, 2.5 lọ́nà 600 jẹ́ megabit 1500, ẹ pín in sí 8 torí megabit 8 ló ń jẹ́ 1MB, ó di bíi 188MB. Megabit 5 á sọ ọ́ di 375MB. 1080p tí bitrate ẹ̀ kéré jù lè rí bàìbàì ju 720p tó dáa lọ, pàápàá níbi tí nǹkan bá ti ń sáré. Tí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò mẹ́mórì káàdì yín láti kó fáìlì sí bá sì jẹ́ FAT32, fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4GB lọ ò ní wọlé bó ti wù kí àyè tó kù pọ̀ tó, exFAT ló máa gbà á.

Tẹ́ ẹ bá ti dáńlóòdù ẹ̀ tí ò ṣí, ẹ má kàn yí orúkọ .mkv padà sí .mp4, orúkọ nìkan lẹ yí. Ẹ ṣí i nínú VLC, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń wo fídíò, lórí kọ̀ǹpútà Windows, ẹ tẹ Ctrl àti J, á fi codec ẹ̀ hàn yín. Tó bá jẹ́ H.264 àti AAC ló wà nínú MKV yẹn, FFmpeg, ètò kọ̀ǹpútà kan téèyàn ń kọ àṣẹ fún, lè kó o sínú MP4 láì ba nǹkan kan jẹ́, báyìí la ṣe ń kọ àṣẹ náà:

ffmpeg -i fidio.mkv -c copy fidio.mp4

Tó bá jẹ́ codec míì, ètò míì tó ń jẹ́ HandBrake lè yí i padà, àmọ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń yí i báyẹn ni àwòrán á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹ ò sì lè sọ 480p di 1080p kó wá mọ́ sí i, fáìlì á kàn tóbi lásán ni.

Tó bá jẹ́ fídíò tó pọ̀ lẹ fẹ́ kó lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ dáńlóòdù èyí tó kúrú jù, ẹ gbé e sórí flash, ẹ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn gan-an, ẹ fà á síwájú, ẹ fà á sẹ́yìn, tí ohùn bá ń bá ẹnu mu, ẹ wá máa kó ìyókù.