Bí Mo Ṣe Pèsè Ooru fún Òròmọdìẹ Mi Lákòókò Òjò

Òròmọdìẹ tí a fi ẹ̀rọ pa láti inú ẹyin kò ní ìyá tí yóò ràdọ̀ bò ó. Irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara rẹ̀ kò tó láti lé òtútù, ara náà kò sì tíì lè pèsè ooru tí ó tó fúnra rẹ̀ títí ìyẹ́ gidi yóò fi hù. Oṣù Keje, nígbà tí òjò ń rọ̀ léraléra ní Ìbàdàn, ni mo gba àádọ́ta òròmọdìẹ, bẹ́ẹ̀ n kò sin adìẹ rí. Nítorí náà, ètò ooru ni mo kọ́kọ́ ṣe, kí n tó ronú kan oúnjẹ.

Yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilé ni mo lò. Lẹ́yìn tí mo fọ ilẹ̀ rẹ̀ tí ó sì gbẹ dáadáa, mo da ìfá pákó tí àwọn káfíńtà ń fá sílẹ̀ sí i. N kò lo lẹ́búlẹ́bú pákó, nítorí pé òròmọdìẹ máa ń ṣà á jẹ bí ẹni ń jẹ oúnjẹ. Mo fi páálí ṣe ọgbà róbótó sí àárín yàrá náà, torí pé bí òtútù bá mú wọn níbi tí igun wà, inú igun náà ni gbogbo wọn yóò rọ́ lọ, wọn yóò gun ara wọn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò sì ní rí èémí mí.

Mo so gílóòbù ayé àtijọ́ tó máa ń gbóná kọ́ sí òkè ọgbà náà, nítorí pé àwọn gílóòbù òde òní tí kì í jẹ iná púpọ̀ kì í mú ooru tó nǹkan kan jáde. Ṣùgbọ́n ta ló lè fi ẹ̀mí òròmọdìẹ lé iná ìjọba lọ́wọ́? Ìkòkò amọ̀ tí mo dá èédú sí ni mo gbójú lé ní tòótọ́. Mo gbé e ka orí búlọ́ọ̀kù, mo sì fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká kí wọ́n má baà jóná.

Ọ̀rọ̀ èédú yìí gba ìṣọ́ra ju gbogbo ohun tó kù lọ. Ìta ni mo ti máa ń dá a, tí yóò fi pọ́n tán tí eérú funfun yóò sì bò ó, kí n tó gbé e wọlé. Síbẹ̀, èédú tí kò rú èéfín mọ́ ṣì máa ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde, tí kò ní òórùn, tí kò sì ṣeé fojú rí, tí ó sì lè pa adìẹ àti ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi ta náílọ̀nù bo fèrèsé láti ìsàlẹ̀ wá, tí mo sì fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, kí atẹ́gùn má fẹ́ lu àwọn òròmọdìẹ nílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ búburú sì rí ọ̀nà jáde. Ènìyàn kankan kò gbọdọ̀ sùn nínú yàrá bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, àwọn tó ń dí fèrèsé pa pátápátá nítorí ìbẹ̀rù òtútù ń fi ewu kan pààrọ̀ òmíràn ni.

Mo ti dá iná fún wákàtí mélòó kan kí wọ́n tó dé, kí ìfá pákó pàápàá lè lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi tí mo fún wọn kò tutù, mo sì kó òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́ rẹ̀ kí wọ́n má baà kó sínú omi, nítorí pé òtútù kì í pẹ́ mú òròmọdìẹ tí omi bá rin ara rẹ̀.

Ìwọ̀n Celsius 32 sí 35 ni ooru tó yẹ wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, níbi tí ẹ̀yìn wọn ga dé. Mo gbé tẹmómítà síbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó wà nìkan ló lè sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn òròmọdìẹ gan-an ló ń sọ òtítọ́. Bí wọ́n bá rọ́ mọ́ ìdí ìkòkò, òtútù ń mú wọn; bí wọ́n bá sá jìnnà sí i, tí wọ́n la ẹnu tí wọ́n sì na apá sílẹ̀, ooru ti pọ̀ jù; bí wọ́n bá kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí a wá ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́n ká, tí àwọn kan ń jẹun tí àwọn mìíràn sì sùn, ni ọkàn mi máa ń balẹ̀.

Màmá kan ládùúgbò wa, tí ó ti ń sin adìẹ tipẹ́, wá wò wọ́n, ó sì sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, etí ni kí o máa fi ṣọ́ wọn lóru. Bí ara bá tù wọ́n, wàá máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kùn jẹ́jẹ́. Bí òtútù bá mú wọn, igbe ni wọn yóò máa ké.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá náà gan-an, nítorí pé láti orí ibùsùn mi ni mo ti ń mọ ìgbà tí èédú ń kú lọ.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń dín ooru náà kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 3, tí mo sì ń fẹ ọgbà náà sí i. Nígbà tó yá, n kì í dá èédú lọ́sàn-án mọ́ àfi bí òjò bá ń rọ̀. Nígbà tí ìyẹ́ sì ti bo ẹ̀yìn àti àyà wọn, tí wọn kò súnmọ́ ìkòkò lóru mọ́, mo gbé e jáde, mo sì ká náílọ̀nù fèrèsé sókè ní ọ̀sán, mo ń tú u sílẹ̀ kìkì bí ìjì bá ń bọ̀.