Bí Mo Ṣe Di Ọdẹ Pẹ́pẹ́yẹ Fún Ọjọ́ Kan Ní Irà Louisiana

Ẹ jẹ́ n ti sọ ọ́ ní gbangba, èmi kì í ṣe ọdẹ o. Bàbá bàbá mi ló ṣọdẹ, ṣakabùlà ẹ̀ ṣì wà lórí àjà nílé wa ní Ìsẹ́yìn títí dòní, àmọ́ èmi tí mò ń gbé Houston, ẹran inú firísà nìkan ni mo máa ń lé mú. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló kó bá mi. Ọmọ Cajun ni, ìran kan tó ń sọ Faransé, láti Vermilion Parish (bí ìjọba ìbílẹ̀ ni parish) ní Louisiana, tó bá ti di oṣù kọkànlá báyìí ara ẹ̀ nìkan ló máa ń wá síbi iṣẹ́, fóònù ló máa ń tẹjú mọ́, ó ń wo ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá. Ọdún tó kọjá ló ní kí n tẹ̀ lé òun lọ pa pẹ́pẹ́yẹ igbó lọ́dọ̀ parrain òun ní Pecan Island. Parrain, bàbá ìsàmì lédè Faransé tiwọn nìyẹn. Ẹnu mi ti gbà kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ, mo ṣáà rò pé èèyàn á gbé ìbọn, á yìn ín, ẹyẹ á já bọ́, ó parí.

Irọ́ gbáà. Ìwé ló kọ́kọ́ pọ̀. Ní Louisiana, ẹni tí wọ́n bí láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 síwájú gbọ́dọ̀ ti ṣe kíláàsì ọdẹ kó tó gba láísẹ́ǹsì, èmi ti ṣe tèmi ní Texas lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì gbà á. Láísẹ́ǹsì àlejò lọ́tọ̀ torí èmi kì í ṣe ará ibẹ̀, fọ́ọ̀mù àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri lọ́tọ̀, stamp pẹ́pẹ́yẹ ti ìjọba àpapọ̀, tí ọdẹ gbọ́dọ̀ rà kó tó pa pẹ́pẹ́yẹ, lọ́tọ̀, $25. Inú ti ń bí mi kí n tó gbọ́ ìtàn stamp yẹn. Ọdún 1934 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, dọ́là kan péré ni nígbà náà, Jay Darling tó máa ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ló ya ti àkọ́kọ́, nínú dọ́là kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá san, sẹ́ǹtì 98 ń lọ sórí ríra irà àti títọ́jú ẹ̀ fún àwọn ẹyẹ. Ìyẹn ni pé ọdẹ ló ń san owó ilé fún ẹran tó fẹ́ pa. Ẹ wo nǹkan.

Ti ìbọn náà ò kéré. Ọta mẹ́ta ni ìbọn gbọ́dọ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ki igi kékeré kan sínú ẹ̀ kó má bàa gbà jù bẹ́ẹ̀. Ọta òjé ò sì ṣeé lò fún ẹyẹ omi káàkiri Amẹ́ríkà láti 1991, ti irin la rà. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé kí ló dé, ó ní ṣebí mo mọ iwe adìẹ, bí adìẹ ṣe máa ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì kí iwe ẹ̀ lè rí nǹkan fi lọ oúnjẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ́pẹ́yẹ ń ṣa ọta òjé tó ti rì sísàlẹ̀ omi jẹ, òjé á wá di májèlé sí i lára, ẹyẹ tẹ́nikẹ́ni ò yìnbọn fún á kàn kú. Ọ̀rọ̀ iwe yẹn yé mi ju gbogbo kíláàsì tí mo ṣe lọ.

A kúrò ní Houston lọ́sàn-án ọjọ́ Fúráìdé, I-10 la gbà títí a fi kọjá Lake Charles, a wá yà sí gúúsù. Gueydan la kàn, ìlú kékeré tó ń pe ara ẹ̀ ní olú ìlú pẹ́pẹ́yẹ fún gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n tiẹ̀ ní ọdún pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n máa ń ṣe. Oko ìrẹsì lọ́tùn-ún, oko ìrẹsì lósì, àwọn ẹyẹ ńlá funfun bo oko kan bí ìgbà téèyàn sá aṣọ sílẹ̀. Lẹ́yìn Kaplan ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n, irà gba gbogbo ilẹ̀. Pecan Island kì í ṣe erékùṣù bẹ́ẹ̀ yẹn o, ilẹ̀ gíga tóóró kan ni láàárín irà, igi oak ló wà lórí ẹ̀, chênière ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé dúró lórí òpó gíga, ìjì Rita ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n yẹn ní 2005.

Parrain ti lé ní 75, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ ẹ̀ le bí èèpo igi. Ohun tó kọ́kọ́ dà mí rú ni pé ó ní kí n máa pe òun lórúkọ. Kí n pe bàbá tó ju bàbá mi lọ lórúkọ? Ká má rí i. Mo ní Parrain ni n ó máa pè yín, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àmọ́ òun ò tíì ṣèrìbọmi fún mi.

Faransé ló ń bá ajá ẹ̀ sọ. Àwọn babańlá wọn ń gbé ní Acadie, ibi tó ń jẹ́ Nova Scotia ní Kánádà lónìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò ní 1755, wọ́n rìn káàkiri ojú òkun kí àwọn kan nínú wọn tó gúnlẹ̀ sí Louisiana ní nǹkan bí 1765, Acadien ló di Cadien, Cadien ló di Cajun. Nígbà tó wá di 1921, òfin ìpínlẹ̀ náà sọ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ nílé ìwé. Parrain ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ wọ kíláàsì, òun ò gbọ́ ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì kan, òun fi Faransé bèèrè pé òun fẹ́ lọ tọ̀, wọ́n na òun. Mo ní Parrain, èmi náà san fáìnì náírà márùn-ún torí pé mo sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ó wò mí títí, ó bu kọfí míì sínú kọ́ọ̀bù mi láì sọ nǹkan kan. Orúkọ àwọn ẹyẹ gan-an, Faransé ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Sarcelle ni kékeré tó ń sáré bí ẹni jíṣu, canard gris ni aláwọ̀ eérú, paille-en-queue ni èyí tí ìrù ẹ̀ gùn bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo.

Aago mẹ́rin ìdájí la jí. Ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ la wọ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lè rìn nínú ẹrẹ̀ níbi tí omi ò ti ju kókósẹ̀ lọ, a so pirogue kan mọ́ ọn lẹ́yìn, ìyẹn ọkọ̀ tóóró tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì, láyé àtijọ́ ìtì igi cypress kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbẹ́ di pirogue. Òkùnkùn biribiri. Mo bèèrè nípa ọ̀nì. Parrain ní otútù ti mú wọn, wọ́n ń sùn. Mo ní gbogbo wọn? Ó ní ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ilẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní flottant, koríko àti gbòǹgbò ló hun ara wọn bí ẹní, omi ló wà lábẹ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gbogbo ẹ̀ á máa gbọ̀n. Wọ́n ní ibi tí àwọn bá tẹ̀ ni kí n tẹ̀. Èmi rí ibì kan tó dà bíi pé ó le, mo tẹ̀ ẹ́, ó gbé mi mì dé itan, omi tútù ya wọ bàtà rọ́bà mi, mo pe orúkọ ìyá mi. Parrain na ọ̀pá ọkọ̀ sí mi, bó ṣe ń fà mí jáde ló ń sọ pé ó tán, òun ti ṣèrìbọmi fún mi báyìí.

A wá to pẹ́pẹ́yẹ oníke sórí omi, bíi 36. Gbòǹgbò cypress ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ nígbà kan, Parrain ṣì ní méjì tí bàbá ẹ̀ gbẹ́, kì í jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án. Ààyè pẹ́pẹ́yẹ gan-an ni àwọn mìíràn máa ń so mọ́lẹ̀ láyé ìjọ́un kó máa pe àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ wá kú (ọ̀dàlẹ̀ pọ́ńbélé), ìjọba fòfin de ìyẹn ní 1935. Títò ẹ̀ lọ́gbọ́n o. Pẹ́pẹ́yẹ kì í bà láì kọjú sí atẹ́gùn, torí náà àwa kọ̀yìn sí atẹ́gùn, a sì fi àlàfo sílẹ̀ níwájú wa gan-an láàárín àwọn oníke yẹn, bí ẹni fi àyè sílẹ̀ nínú àgbàlá fún àlejò. Àwọn ọdẹ wa máa ń gẹ̀gùn lórí igi, tiwọn ilẹ̀ ni wọ́n rì í sí, àpótí irin ńlá kan tó wọnú irà, èèyàn á jókòó sínú ẹ̀, orí nìkan ló máa yọ, wọ́n wá fi roseau bò ó, koríko gíga kan tó jọ eèsún. Àwọn méjèèjì kun ojú wọn ní dúdú kí ó má bàa tàn sí ẹyẹ lójú. Wọ́n na ọ̀dà ọ̀hún sí mi, mo ní ẹ má ṣèyọnu, Ọlọ́run ti kun tèmi.

Òfin ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí oòrùn tó yọ lèèyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn, torí náà aago ni wọ́n tẹjú mọ́. Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹ́ wọn lókè, fùùùù, bí ẹni ń fa aṣọ tuntun ya, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Parrain yọ fèrè ẹ̀, ti roseau yẹn náà ni, òun fúnra ẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, ohùn tó jáde níbẹ̀ jọ abo pẹ́pẹ́yẹ tó ń pe ọkọ ẹ̀ jẹun. Mo rò pé á máa fọn ún lọ ni, àmọ́ bí àwọn ẹyẹ ṣe kọjú sí wa ó dákẹ́, ìgbà tí wọ́n bá fi ìdí kọ wá ló tó máa ń fọn ún. Mo bi í, ó ní bí ìyàwó ẹ bá ti ń bọ̀ wá jókòó tì ẹ́, ṣé wàá tún máa pariwo orúkọ ẹ̀ ni? Fún èmi o, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an nìyẹn, ká dákẹ́, ká má gbójú sókè, kí ọrùn máa dùn wá, kí ẹ̀fọn máa jẹ wá nínú otútù. Ìbọn ò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ nínú gbogbo ẹ̀.

Sarcelle mẹ́fà yọ, wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀. Parrain ní “asteur!”, ìyẹn nísinsìnyí. Ọ̀rẹ́ mi pa méjì, Parrain yin ẹyọ ọta kan, ó pa ọ̀kan. Èmi yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, atẹ́gùn ló kú. Parrain ní ibi tí ẹyẹ ń lọ ni kí n máa yìn, pé ibi tó wà ni mò ń yìn, kó tó débẹ̀ ẹyẹ ti lọ.

Nígbà tó di bí aago mẹ́jọ, ẹyẹ dúdú kan fò kọjá nílẹ̀nílẹ̀, mo dìde, mo yìn ín níwájú bó ṣe sọ, ó já bọ́ pàá. Ariwo tí mo pa, díẹ̀ ló kù kí n sun ìjálá. Ajá lúwẹ̀ẹ́ lọ gbé e, ó ń wò mí bákan bákan bó ṣe ń bọ̀. Ẹnu ẹyẹ ọ̀hún funfun, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Poule d'eau ni, adìẹ omi, kì í tiẹ̀ ṣe ìdílé pẹ́pẹ́yẹ. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń di ògiri àpótí mú. Parrain nìkan ni ò rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà tí nǹkan le, adìẹ omi ló bọ́ àwọn, iwe ẹ̀ tóbi, inú gọ́ńbò, ọbẹ̀ wọn, sì ni ibi tó yẹ ẹ́. Òfin náà gbà á, 15 lèèyàn lè pa lóòjọ́, pẹ́pẹ́yẹ ni 6. Kí á tó lọ mo rí sarcelle kan pa, ọ̀kan ṣoṣo, ẹ bá mi yọ̀.

Nígbà tá à ń padà, Parrain na ọwọ́ sí omi gbalasa kan, ó ní màlúù ń jẹko níbẹ̀ nígbà tóun wà ní kékeré. Láti àwọn ọdún 1930, ilẹ̀ etíkun Louisiana tó ti di omi tó nǹkan bíi square mile 2,000. Wọ́n mọ odi sí ẹ̀gbẹ́ odò Mississippi kó má bàa kún wọ ìlú, ẹrẹ̀ tó ń mú ilẹ̀ dàgbà ò wá dé irà mọ́, àwọn tó ń wa epo gbẹ́ kánààlì káàkiri, omi iyọ̀ gba inú ẹ̀ wọlé wá pa koríko. Eku ńlá kan tún wà, nutria, ó tóbi bí ọ̀yà, wọ́n kó o wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà torí awọ ẹ̀, ó wá ń jẹ koríko irà tòun ti gbòǹgbò. Ìjọba ń san $6 lórí ìrù kọ̀ọ̀kan. Mo ní $6? Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́yà tó ń na ọwọ́ ẹran sókè lẹ́bàá títì márosẹ̀ Ìbàdàn, oṣù kan ò ní pé tí ẹ ò ní rí ọ̀kan mọ́.

Iṣẹ́ tó kù, ìdí ààrò ni. Àwọn ọ̀dọ́ ayé ìsinsìnyí máa ń yọ igẹ̀ nìkan, wọ́n á da ìyókù nù, Parrain ò fẹ́ẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní kí n tu ìyẹ́, mo tu ìyẹ́ títí ìka mi fi kú, ìyẹ́ wẹ́wẹ́ yẹn ò tán láéláé, la bá fi iná wì í bíi ti adìẹ ọdún. Ibẹ̀ ni mo ti gba ara mi là, torí wíwì lèmi mọ̀ ọ́n ṣe jù wọ́n lọ.

Roux ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ gọ́ńbò, wọ́n ń pè é ní rú. Ìyẹ̀fun àti òróró dọ́gba nínú ìkòkò irin, ẹ máa rò ó lórí iná díẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 45, títí tó fi máa rí bíi ṣokoléètì. Ẹ ò gbọdọ̀ lọ gbé fóònù. Tó bá ti ní èérún dúdú, ó ti jóná, ẹ dà á nù. Àlùbọ́sà, tàtàṣé àti celery tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pẹ́pẹ́yẹ tá a ti dín díẹ̀, sọ́sééjì tí wọ́n fi èéfín yan, omi, ó hó fún wákàtí mẹ́ta. Ilá ni gọ́ńbò ń jẹ́ nínú àwọn èdè Bantu kan, ibẹ̀ lorúkọ ẹ̀ ti wá, àmọ́ Parrain ò fi ilá sí ti pẹ́pẹ́yẹ, filé ló bù sí i lẹ́yìn tó sọ iná kalẹ̀, ewé sassafras lílọ̀ tó jẹ́ pé àwọn Choctaw, ọ̀kan lára àwọn ìran tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló ni ín, ó sì ń yọ̀ díẹ̀ bí ewédú. A bù ú sórí ìrẹsì. Iwe adìẹ omi mi, Parrain fúnra ẹ̀ ló bù ú sínú àwo mi. Ata rodo tí mo gbé dání, ọ̀rẹ́ mi bù ú jẹ pẹ̀lú ìgbéraga, ó jáde lọ dúró síta fún ìgbà pípẹ́.

Parrain fún mi ní sarcelle mi kí n gbé e lọ sílé, ó ní kí n fi orí àti apá ẹ̀ sílẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, torí òfin ní ó gbọ́dọ̀ ṣeé dá mọ̀ títí n ó fi délé. Mo dé Houston lálẹ́, mo sùn lọ fọnfọn, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Láàárọ̀ ìyàwó mi ṣí kúlà pé kó mú yìnyín, ó bá pẹ́pẹ́yẹ níbẹ̀ tó ń wò ó lójú kòrókòró. Igbe tó ké, aládùúgbò kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀, ó káwọ́ gbera, ó ní ta ló máa tu ìyẹ́ ẹ̀? Mo ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìnkùlé.