Bí a ṣe ń sọ àdìrẹ Ìtòkú di aṣọ iṣẹ́ olùkọ́

Olùkọ́ tuntun kan dé sí ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni nígbà kan, ní Abẹ́òkúta níbí. Ní ọjọ́ Jímọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, bùbá àdìrẹ tuntun ló wọ̀ wá. Kó tó di ọ̀sán, ọrùn síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti di búlúù, ìka rẹ̀ ti hàn lára ìwé àwọn ọmọ tó ń máàkì. Ìgbà tó wá na ọwọ́ sókè láti kọ déètì sójú pátákó, abíyá bùbá náà ya, gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ. Àwọn JSS 2 yẹn ò gbàgbé rẹ̀ títí wọ́n fi ṣe WAEC.

Aṣọ ọ̀hún wọ́n ju tèmi lọ, nítorí náà kì í ṣe ọ̀ràn owó. Kò rẹ ẹ́ sómi kó tó gbé e fún aránṣọ, kò sì na ọwọ́ sókè nígbà tí wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Nǹkan méjì yìí náà ni mo máa pẹ́ lórí rẹ̀. Ìyókù ò le.

Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ bèèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé yín ọjọ́ tí wọ́n gba aṣọ ìbílẹ̀. Ibòmíràn, Jímọ̀ nìkan ni; ibòmíràn, wọ́n ti yan àwọ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àdìrẹ kì í ṣe aṣọ olùkọ́, ẹ rán an létí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ Abeokuta Grammar School ni, ní 1914, ó sì di olùkọ́ nílùú yìí. Nígbà tó ń ṣáájú àwọn obìnrin ọjà, aṣọ òyìnbó ló pa tì, ìró àti bùbá ló ń wọ̀.

Ní Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta níbí, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ gbé aṣọ náà jáde síta wò, torí gílóòbù inú ṣọ́ọ̀bù máa ń tan ojú jẹ. Òwú ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí wọ́n fi ṣífọ́ọ̀nù ṣe rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀: bẹ́ ẹ bá lè ka ìka yín láti òkè, aṣọ òde ni, kì í ṣe ti kíláàsì. Iṣẹ́ ara rẹ̀ náà, kó má tóbi jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ á máa ka ẹyẹ ara aṣọ dípò kí wọ́n wo pátákó. Èmi kì í ra èyí tó dúdú ṣú, torí ẹfun ṣọ́ọ̀kì ò ní ibi tó máa fara pamọ́ sí lára rẹ̀. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya iṣẹ́ ara rẹ̀, tí funfun pọ̀ nínú rẹ̀ ló dára jù fún ẹni tó ń lo ṣọ́ọ̀kì. Tí ẹ bá ń lo máàkà, ẹ ra kámpálà aláwọ̀ púpọ̀, yíǹkì ò ní tètè hàn níbẹ̀. Yáàdì márùn-ún tó ìró àti bùbá. Ẹ má ra mẹ́rin kẹ́ ẹ wá máa bẹ aránṣọ.

Ó wá kan rírẹ aṣọ sómi, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń sáré fò kọjá. Ẹni tó tà á fún yín á ní, "Màámi, kì í yọ aró." Ẹ kí i, ẹ sanwó, ẹ má gbà á gbọ́. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ fi omi tutù rin aṣọ ìnujú funfun, kẹ́ ẹ fi nù ún ní ẹ̀yìn aṣọ. Ohun tó bá hàn lára ìnujú yẹn ló máa hàn lára yín bí òógùn bá dé, òógùn sì máa dé: kíláàsì tí ọmọ àádọ́ta wà, tí páànù òrùlé rẹ̀ ti gbóná, kì í ṣe ibi ìgbádùn.

Ẹ bu omi tutù sínú abọ́ ńlá, kẹ́ ẹ ki aṣọ náà nìkan bọ̀ ọ́. Ẹ má da aṣọ mìíràn mọ́ ọn, kódà bó jẹ́ àkísà. Ẹ má fi Jik kàn án rárá. Omi gbígbóná náà ò sí níbẹ̀. Tó bá tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fún omi rẹ̀ dànù jẹ́jẹ́, ẹ má lọ́ ọ bí ẹni lọ́ okùn, kẹ́ ẹ bu omi tuntun. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe títí omi á fi mọ́. Kámpálà lè gba ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí tí wọ́n fi aró èlú gidi ṣe, mo ti fọ ọ́ lẹ́ẹ̀méje rí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tàbí kẹ́ ẹ fi lailọ́ọ̀nù di ọwọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọwọ́ búlúù lẹ máa fi kọ̀wé sójú pátákó ní Mọ́ńdè.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ da iyọ̀ sí i, pé iyọ̀ ló ń di aró mú. Mo ti da iyọ̀ tó tó obẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sí i rí, omi ṣì búlúù. Fíníkà náà, bákan náà ni. Aró tí kò bá ti wọ aṣọ láti ọ̀dọ̀ aláró, fífọ̀ ló máa mú un kúrò. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì. Aró tó ti jáde á padà lọ jókòó sójú funfun, iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ṣe á wá di rúdurùdu. Ẹ má sì ká a nígbà tó ṣì tutù. Ẹ yí inú rẹ̀ síta, ẹ sá a sábẹ́ òjìji. Nígbà òjò, àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, kó lè gbẹ kí Sọ́ńdè tó lọ.

Rírẹ yìí náà ló máa ń jẹ́ kí òwú sún kì. Ilé ni kó ti sún kì, kó má jẹ́ lára yín lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó ìránṣọ. Bí ìyókù àbẹ́là tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ara kámpálà bá ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi pépà funfun tí a ò tẹ nǹkan sí lé e, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́. Ìwé ìròyìn dín owó kù, àmọ́ yíǹkì rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Ìgbà yìí lẹ tó máa lọ bá aránṣọ. Bó bá nà téèpù, ẹ má dúró ṣánṣán bí ọmọ tó ń ya fọ́tò. Ẹ na ọwọ́ ọ̀tún sókè bí ẹni fẹ́ kọ̀wé sí igun òkè pátákó, kó wọn ìgbà yẹn pẹ̀lú. Ẹ tẹ̀ síwájú bí ẹni ń wo ìwé ọmọ tó jókòó níwájú. Bí àyà bá ṣí, kó gbé ọrùn sókè. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ wo ibi tí kàbà tàbí síkẹ́ẹ̀tì dé. Tèmi gbọ́dọ̀ bo orúnkún nígbà tí mo bá jókòó. Ẹ sọ fún un kó fi ìwọ̀n ìka méjì sílẹ̀ nínú abíyá. Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣòkòtò tó há mọ́ itan ò bá bùbá lọ, ẹ ò sì ní lè tẹ̀ gbé ṣọ́ọ̀kì tó bọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á, ẹ dín ọ̀sẹ̀ kan kúrò nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ fún aránṣọ. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n.

Gèlè ò bá kíláàsì mu, ọmọ tó wà lẹ́yìn ò ní rí pátákó. Bàtà kòbìtà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Àpáta àti òkè ìlú yìí ò mọ bàtà onígìgísẹ̀ gíga. Èyí tí mo wọ̀ lónìí, bọ́síkọ́nà ni mo ti rà á, mo kùn ún dúdú, kò sẹ́ni tó mọ̀.

Bí àjákù bá kù nínú yáàdì márùn-ún yẹn, ẹ má fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ aránṣọ. Èmi fi tèmi rán àpò ṣọ́ọ̀kì, mo sì gé ìyókù láti fi nu pátákó.