Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Gbígba Alágbàtà Alárìnkiri fún Títa Ìwé Atọ́ka Òṣèlú

Àṣìṣe tí ó ń kọ́kọ́ ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni pé àwọn atẹ̀wé a máa sáré wá ẹni tí ó ti polongo ìbò láti ilé dé ilé, nítorí wọ́n rò pé ẹni tí ọ̀rọ̀ òṣèlú dùn lẹ́nu rẹ̀ ni yóò tà jù. Ìwé tí ń sọ ẹni tí ó wà nípò, iye ìbò tí ó ní àti ibi tí àṣẹ rẹ̀ dé kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Bí alágbàtà bá jókòó síwájú amòfin kan, tí ó ṣí ojú ìwé tí a to àwọn aṣòfin sí, tí ó wá ń fi ìka tọ́ka sí "àwọn tiwa" àti "àwọn tiwọn", amòfin náà yóò pa ìwé dé, nítorí kò ní gbà mọ́ pé kò sí màgòmágó nínú iye ìbò tí a kọ síbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ó ka ojú ìwé ẹgbẹ́ tí kò fẹ́ràn sí yín létí, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Ohùn rẹ̀ yóò tú àṣírí ọkàn rẹ̀.

Ẹ má ṣe dúró kí ìwé jáde kí ẹ tó máa wá alágbàtà. Ní Amẹ́ríkà, ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń dìbò sí gbogbo ìjókòó 435 ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Alágbàtà tí ó pẹ́ jáde yóò kàn máa ru orúkọ àwọn tí ó ti kúrò nípò kiri ni.

Èyí tí ó dùn mí jù ni kí a ní kí alágbàtà fowó ara rẹ̀ ra ẹ̀dà rẹpẹtẹ kí ó tó jáde. Ẹni tí gbèsè ń lé kò ní ṣàì purọ́ fún oníbàárà. Kò sì pọn dandan: lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà tí ó parí ní 1865, ìwé àpẹẹrẹ ni àwọn alágbàtà ń gbé kiri: ojú ìwé díẹ̀, oríṣi ẹ̀yìn ìwé tí ènìyàn lè yàn, àti ojú ewé òfìfo tí oníbàárà tí ó bá fẹ́ ra ìwé náà ń kọ orúkọ sí.

Ẹ má sì gbàgbé òfin. Láti 1931 ni ìlú Green River, ní ìpínlẹ̀ Wyoming ní Amẹ́ríkà, ti ka kíkan ilẹ̀kùn onílé tí kò pe ènìyàn léèwọ̀, ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé e. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tún fún ẹni tí ó bá ra ọjà dọ́là 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 3 láti dá a padà, nítorí náà ẹ má ṣe san ìpín alágbàtà kí ọjọ́ wọ̀nyẹn tó pé.